Bí fíláàṣì àkọ́kọ́ bá kọ iṣẹ́: ẹ má tí ì pa ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí kọ̀ǹpútà sọ

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ rìwáyà nílùú Igbó-Ọrà lónìí, tó ní téstà àti wáyà nìkan ti tó òun, àfi kó múra láti máa wo àwọn oníbàárà bí wọ́n ṣe ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn. Láti ọdún 1996 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ojúhò kan náà tí kọ̀ǹpútà lè gbà bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. OBD-II ni wọ́n ń pè é, ó ní píìnì 16, abẹ́ sítíárì ló sì sábà máa ń wà. Ilẹ̀ Yúróòpù náà tẹ̀ lé e lọ́dún 2001 fún àwọn ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù. Ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì yìí náà ni ọ̀pọ̀ tòkùnbọ̀ tó ń wọ Ìbàràpá ti ń wá, tí ẹni tí kò bá ní kọ̀ǹpútà kò fi lè mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà tó ń mówó wọlé yìí kan náà ló lè kó ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù sí gbèsè láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká ní ìyá oníṣòwò gààrí kan gbé Corolla rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Pákò, ó ní ọkọ̀ òun máa ń já bó bá fẹ́ pààrọ̀ jíà. Ọ̀gá rìwáyà yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ti gbé sọ́fítíwíà tuntun jáde fún irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ó ra kọ́kọ́rọ́ láísẹ́ǹsì, ó so wáyà mọ́ ọkọ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tó dé àárín, gbogbo nǹkan dúró, ìkìlọ̀ pupa kan yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ọmọ iṣẹ́ tó wà nítòsí sáré fa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yọ, ó rò pé bí wọ́n bá pa á tí wọ́n tún tàn án, gbogbo rẹ̀ á tò. Ọkọ̀ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé kò sítáàtì mọ́ láti ìgbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ọ̀la ni ìyá náà fẹ́ kó ẹrù lọ sọ́jà.

Nínú ọ̀pọ̀ irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí, ọpọlọ ọkọ̀ náà kò tíì kú nígbà tí iṣẹ́ dúró. Ó ṣì ṣeé gbà là látorí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ìkánjú tí wọ́n fi pa á ló sọ iṣẹ́ wákàtí kan di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Ọpọlọ tí à ń wí yìí ni àwọn tó ń ta páàtì ní Ládípọ̀ ní Mushin ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì. Òun ló ń pinnu iye epo tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì mu àti ìgbà tó yẹ kí pílọ́ọ̀gì tanná. Iléeṣẹ́ Bosch ti ilẹ̀ Jámánì ló ṣe èyí tó kọ́kọ́ ń darí epo àti iná pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, inú ọkọ̀ BMW ni wọ́n sì fi í sí lọ́dún 1979. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ yí ohun tó wà nínú ọpọlọ padà gbọ́dọ̀ tú u, kó yọ ṣíìpù inú rẹ̀, kó fi òmíràn sí i. Nígbà tó yá ni ṣíìpù tó ṣeé parẹ́ tó sì tún ṣeé kọ láìyọ ọ́ dé. Iṣẹ́ pípa rẹ́ àti àtúnkọ yìí ni wọ́n ń pè ní fíláàṣì.

Ẹ jẹ́ ká fojú ilé oníyàrá mẹ́ta wo inú ọpọlọ náà. Yàrá kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí aṣọ́nà ń gbé. Òun ló ń gba àlejò tó bá ti ojúhò OBD wọlé. Yàrá kejì ni ètò iṣẹ́ fúnra rẹ̀ wà, ẹ̀kẹta sì ni àwọn òǹkà tó ń sọ pé bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tó báyìí, kí epo jẹ́ iye báyìí. Ṣíìpù fíláàṣì kì í jẹ́ kí èèyàn kọ tuntun lé àtijọ́ lórí. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa yàrá kan rẹ́ pátápátá kó tó gba ohun tuntun. Nítorí náà, láàárín ìgbà tí wọ́n pa á rẹ́ sí ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ tán, ọkọ̀ náà kò ní làákàyè kankan. Aṣọ́nà nìkan ló kù nílé. Bí iná bá ṣì wà lára rẹ̀, ó wà níbẹ̀ tó ń dúró de ìyókù ọ̀rọ̀.

Ìdí nìyí tí fíláàṣì àkọ́kọ́ fi léwu ju àwọn tó bá tẹ̀ lé e lọ. Pẹ̀lú ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà, ètò iṣẹ́ àti òǹkà ni wọ́n máa ń kọ pọ̀ nígbà àkọ́kọ́, ó sì lè gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwọn ọkọ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, bí wọ́n bá tún fẹ́ yí nǹkan díẹ̀ padà, yàrá òǹkà nìkan ni wọ́n ń fọwọ́ kàn, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ti tó. Ọjọ́ àkọ́kọ́ yìí kan náà ni kọ́kọ́rọ́ láísẹ́ǹsì máa ń so mọ́ ọkọ̀. Ewu méjì ló pàdé lójú kan.

Nígbà tí ìkìlọ̀ bá yọ, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ fọwọ́ lẹ́rán, kí ẹ kà á. Ẹ fi fóònù yà á ní fọ́tò. Irú ìkìlọ̀ méjì ló wà, ohun tó yẹ kí ẹ ṣe sí wọn kò sì jọra rárá. Bí ìkìlọ̀ náà bá ń sọ̀rọ̀ nípa láísẹ́ǹsì, pé kọ́kọ́rọ́ kò tọ̀nà, pé ó ti parí tàbí pé kò mọ ọkọ̀ yìí, tí iṣẹ́ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, wọn kò tíì fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ọpọlọ náà. Ẹ lè pa ọkọ̀, kódà oníbàárà lè gbé e lọ sílé, kó padà wá lọ́la. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, tó ti pa nǹkan rẹ́, tó wá ní òun kò gbọ́ ohùn ọkọ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, bátìrì tàbí wáyà, àyàfi bí sọ́fítíwíà náà fúnra rẹ̀ bá ní kí ẹ pa á. Àwọn kan máa ń sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ pa á fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí ẹ tún tàn án. Ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ni kí ẹ ṣe, kì í ṣe ohun tí ọ̀rẹ́ yín sọ lórí fóònù.

Ohun tó kàn ni pé kí ẹ wo iná bátìrì, kí ẹ fún un lágbára sí i bó bá ti ń lọ sílẹ̀, láìyọ ohunkóhun. Kí ẹ rí i pé wáyà tó wọ ojúhò OBD kò mì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tún fíláàṣì náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáìlì kan náà. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ní ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìgbàlà irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta ló sì máa ń wọlé. Bí wọ́n bá fi fáìlì mìíràn dán an wò nítorí pé èyí àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́, àìsàn kan ti di méjì nìyẹn.

Kí ló máa ń dá iṣẹ́ dúró gan-an? Iná ni àkọ́kọ́, iná náà ló sì ń pa wọ́n jù. Bátìrì tára rẹ̀ yá máa ń wà ní nǹkan bíi fóòtì 12.6 bí ọkọ̀ bá wà ní pípa. Tí wọ́n bá ti tan kọ́kọ́rọ́ láìsítáàtì, tí ọpọlọ, fáànù àti iná inú ọkọ̀ ń mu ún, kíá ló ń rẹlẹ̀. Nínú ìlànà tí Toyota kọ fún àwọn mẹkáníìkì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sọ ọ́ gbangba pé iná kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju fóòtì 11.4 lọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe iṣẹ́ yìí, àti pé àṣìṣe níbẹ̀ lè ba ọpọlọ ọkọ̀ jẹ́ títí láé. Ẹ̀rọ kan tó ń fún ọkọ̀ ní iná tó dúró ṣinṣin ni wọ́n máa ń so mọ́ bátìrì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣájà tí àwọn oníbátìrì ń lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kì í ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Iná tó ń jáde lára rẹ̀ máa ń lọ sókè sódò, pàápàá bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré ni wọ́n so ó mọ́. Bí NEPA bá sì wá dé lójijì, bí ìlú ṣe máa ń sọ ọ́ títí dòní olónìí láìka pé orúkọ ti yí padà, tí ẹnìkan wá lọ yí ìyípo iná láti jẹnẹrétọ̀ sí ti ìjọba, ìgbọ̀nrìrì kan ṣoṣo yẹn ti tó. Ṣọ́ọ̀bù tí kò bá tíì lágbára láti ra ẹ̀rọ iná tó dúró ṣinṣin lè wá bátìrì ńlá mìíràn tó jẹ́ fóòtì 12, tó sì kún dáadáa, kí wọ́n fi wáyà nípọnnípọn so ó pọ̀ mọ́ ti ọkọ̀, rere sí rere, òdì sí òdì, kí fíláàṣì tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ariwo níbẹ̀, kò sì sí ìyípo iná tó lè dà á láàmú.

Kí wọ́n pa rédíò, ẹ̀rọ amúlétutù àti iná iwájú. Kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, fáànù rédíétọ̀ máa ń ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí kíkankíkan bí ọpọlọ bá ti sùn, nítorí pé ẹni tó ń darí rẹ̀ kò sí nílé. Ó sì ń mu iná gidi. Ẹni tó ka ìlànà ọkọ̀ náà á ti mọ̀ bóyá wọ́n gbà kí wọ́n yọ fíúùsì rẹ̀ ṣáájú. Ní ti kọ̀ǹpútà àgbéletan, kí bátìrì tirẹ̀ náà kún, kí wọ́n sọ fún un pé kó má sùn, kí wọ́n sì dá Windows dúró kó má lọ máa ṣe àtúnṣe ara rẹ̀ láàárín iṣẹ́. Wáyà ni kí wọ́n lò, kì í ṣe Bluetooth.

Ohun kejì tó ń dá iṣẹ́ dúró ni nọ́ḿbà tí kò bára mu. Kò sẹ́ni tó yẹ kí èyí yé ju ará Igbó-Ọrà lọ, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì. Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jọra débi tí àlejò kò ní í mọ ọ̀kan yàtọ̀, síbẹ̀ orúkọ kálukú wà lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Corolla méjì tó jẹ́ ọdún kan náà, àwọ̀ kan náà àti ẹ́ńjìnnì kan náà lè ní nọ́ḿbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára ọpọlọ wọn. Nọ́ḿbà ara ọpọlọ àti nọ́ḿbà ètò inú rẹ̀ ni kí ẹ bá fáìlì mu, kì í ṣe orúkọ ọkọ̀. Kí ẹ sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ jáde, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́. Àwọn ọkọ̀ kan kì í jẹ́ kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀. Nígbà náà, ẹ rí i pé ẹ ní fáìlì àtilẹ̀wá tó bá nọ́ḿbà náà mu lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá sì ti fọwọ́ yí òǹkà inú fáìlì padà láìtún ìṣirò tí wọ́n ń pè ní checksum ṣe, ọpọlọ lè gba fáìlì náà tán, kó sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́, torí pé ìṣirò tó ṣe fúnra rẹ̀ kò bá ti inú fáìlì dọ́gba.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ láísẹ́ǹsì, níbi tí owó ti ń lọ láìjẹ́ pé ọkọ̀ kankan bàjẹ́. Kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ òǹkà àti lẹ́tà yìí kì í ṣe ọjà tí èèyàn ń rà tó sì di tirẹ̀ bí ìpáànà. Àṣẹ ni, ohun kan sì wà tí wọ́n so àṣẹ náà mọ́. Òmíràn so mọ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí: bí wọ́n bá pààrọ̀ háàdì tàbí tí wọ́n tún Windows fi sí, kọ́kọ́rọ́ náà kò ní í mọ ilé rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ta kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú láísẹ́ǹsì sílẹ̀ lórí rẹ̀. Òmíràn so mọ́ adápítọ̀, ìyẹn àpótí kékeré tó wà láàárín wáyà. Òmíràn sì so mọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. HP Tuners ti Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, ń ta ohun tí wọ́n ń pè ní kírédíìtì. Tí wọ́n bá ti ná an sórí ọkọ̀ kan, wọ́n lè ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ yẹn ní iye ìgbà tó bá wù wọ́n, àmọ́ wọn kò lè gbé e lọ sórí ọkọ̀ aládùúgbò. COBB náà ní ẹ̀rọ kan tó ń so mọ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n gbọ́dọ̀ tú kúrò lára èyí kó tó lè bá òmíràn ṣiṣẹ́. Ti àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ tún yàtọ̀: àkókò ni wọ́n ń tà. Toyota ń ta àṣẹ ọlọ́jọ́ méjì, olóṣù kan àti ọlọ́dún kan ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ra ti ọjọ́ méjì láìtíì gbé ọkọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù ti sọ owó nù.

Ìdí tí kọ́kọ́rọ́ kò fi wọlé kì í sábà jinlẹ̀. Òdo tí wọ́n kà sí lẹ́tà O pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ení tí wọ́n kà sí I. Tí wọ́n bá kó kọ́kọ́rọ́ látorí WhatsApp, àlàfo kan lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn láìhàn sójú. Èyí tó máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù ni ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà: bátìrì kékeré tó wà nínú kọ̀ǹpútà tó ti gbó máa ń kú, kọ̀ǹpútà á wá rò pé òun ṣì wà ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á sì ní òun kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí wọ́n tún ọjọ́ àti aago ṣe, kí wọ́n tún un tẹ̀. Bí sọ́fítíwíà bá nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti yẹ kọ́kọ́rọ́ wò, kí wọ́n ṣe ìyẹn tán nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára, kó tó di pé wọ́n so ọkọ̀ mọ́ ọn.

Bí fíláàṣì bá dá dúró lágbede méjì lẹ́yìn tí kọ́kọ́rọ́ ti wọlé, ẹ má sáré ra kọ́kọ́rọ́ kejì. Kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ ti mọ ọpọlọ yẹn, òun náà ni yóò sì gbà á wọlé nígbà tí ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ọpọlọ bá kú pátápátá, tí wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ tún dìde. Kí wọ́n kọ̀wé sí ẹni tó tà á, kí wọ́n fi fọ́tò ìkìlọ̀, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí sọ́fítíwíà tọ́jú, nọ́ḿbà ọpọlọ àtijọ́ àti ti tuntun ránṣẹ́. Àwọn kan máa ń gbà láti sún láísẹ́ǹsì, àwọn mìíràn kì í gbà. Ẹni tó ti ju ọpọlọ àtijọ́ nù fún àwọn onípàǹtí kò ní ẹ̀rí kankan mọ́.

Ti ayédèrú ńkọ́? Wáyà àti adápítọ̀ tí wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀ kún ọjà, owó wọn kò sì tó nǹkan. Àwọn tó ń tà wọ́n ló máa ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe so kọ̀ǹpútà náà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, torí bí iléeṣẹ́ tó ni sọ́fítíwíà bá rí i, wọ́n á tì í pa. Ká sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ń fi irú wọn wo àìsàn ọkọ̀, wọ́n sì ń rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkà yàtọ̀ sí kíkọ. Ẹni tó bá fi ayédèrú adápítọ̀ ka àìsàn tó ṣì í kà lè tún un kà. Ẹni tó bá fi kọ ọpọlọ, tó já sílẹ̀ láàárín, kò rí ẹni tó máa ké sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní kọ́kọ́rọ́ jẹ́ ₦40,000, tí ṣọ́ọ̀bù gba ₦60,000 lọ́wọ́ oníbàárà. Èrè ₦20,000 nìyẹn, láìtíì yọ owó epo jẹnẹrétọ̀. Ká wá ní ọpọlọ kan kú, tí òmíràn jẹ́ ₦140,000. Èrè iṣẹ́ méje ló bá a lọ. Iye wọ̀nyí kì í ṣe iye ọjà, àpẹẹrẹ ni, kí kálukú fi iye tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò yìí ló máa mọ̀ bóyá ẹ̀rọ iná tó dúró ṣinṣin wọ́n jù tàbí kò wọ́n.

Nípa ẹni tó máa sanwó bí nǹkan bá bàjẹ́, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 tí ìjọba àpapọ̀ ṣe, èyí tó gbé àjọ FCCPC kalẹ̀, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe bó ṣe yẹ. Pátákó tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri, pé ewu ọkọ̀ wà lọ́rùn ẹni tó ni ín, kò tó. Òfin náà kò fàyè gba kí ẹni tó ń ta iṣẹ́ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àìbìkítà ńlá tirẹ̀ kò kan òun. Ohun tó bójú mu ni pé kí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù bá oníbàárà sọ̀rọ̀ kó tó tẹ bọ́tìnnì: “Ìyá, ọpọlọ ọkọ̀ yín la fẹ́ tún kọ. A ti wo bátìrì, a ti tọ́jú èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Owó kọ́kọ́rọ́ lẹ máa kọ́kọ́ san, kò sì ní í ṣeé dá padà bó bá ti wọlé.” Kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Kí wọ́n kọ ìṣòro tí ọkọ̀ náà bá wá síbẹ̀ náà, kí ìjà má baà dìde lórí iná dáṣíbọ́ọ̀dù tó ti ń tàn tẹ́lẹ̀.

Bí gbogbo ipá bá pin, tí aṣọ́nà inú ọpọlọ kò dáhùn mọ́, ó ṣì ku ọ̀nà kan. Àwọn tó mọṣẹ́ ń tú u kúrò lára ọkọ̀, wọ́n á ṣí i, wọ́n á so wáyà mọ́ ọn tààrà lórí tábìlì, wọ́n á sì kọ fáìlì àtilẹ̀wá padà sínú rẹ̀ láìgba ojúhò OBD. Iṣẹ́ ọlọ́wọ́ wẹ́rẹ́ ni, kì í ṣe ohun tí ẹni tí kò mọ ṣódà jó dáadáa ń dáwọ́ lé. Ọpọlọ tó ti ọkọ̀ ara rẹ̀ wá yìí ló dára jù láti gbà là, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n kọ ṣíìpù kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí. Bí wọ́n bá gbé òmíràn wá láti Ládípọ̀, ẹ́ńjìnnì lè má gbà láti dúró títí wọ́n á fi bá kọ́kọ́rọ́ mu, owó ọ̀tọ̀ sì nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọpọlọ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn tàbí Èkó, kó fi fáìlì àtijọ́, nọ́ḿbà ṣásì ọkọ̀ àti fọ́tò ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ tẹ̀ lé e.

Àwọn mẹkáníìkì Toyota ní Amẹ́ríkà máa ń lẹ ìwé pélébé kan mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn irú iṣẹ́ yìí, kí ẹni tó bá tún ṣí i lọ́jọ́ iwájú lè mọ ohun tí wọ́n ti yí padà. Ìwé ìlẹ̀mọ́ lásán ní ìsàlẹ̀ ìdérí àpótí fíúùsì lè ṣe iṣẹ́ kan náà ní Igbó-Ọrà: ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, nọ́ḿbà fáìlì àtijọ́ àti ti tuntun, àti ohun tí kọ́kọ́rọ́ láísẹ́ǹsì náà so mọ́.